Ọwọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Wò

Láti Matteson dé Homewood, ọkọ̀ ojú irin kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni owó ẹyọ kan sọnù lójú mi, mi ò sì tíì jókòó jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ náà.

Mò ń lọ sí kíláàsì nọ́ọ̀sì ní àárín ìlú Chicago. Ìwé ńlá kan nípa egungun ara wà lórí itan mi. Bàbá òyìnbó kan tó dé fìlà tó ti ṣá jókòó kọjú sí mi, ó ń yí owó àádọ́ta sẹ́ǹtì kan lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, kó tún padà, bí ẹni pé owó náà ní ẹsẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo ti gbàgbé ìwé mi, ó fi owó náà sí ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ náà, ó nà án sí mi pé kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fẹ́ ẹ. Ó la ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni mo rí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Homewood. Mi ò rí i mọ́ láyé mi.

Nígbà tí ọkọ̀ dé òpin ìrìn rẹ̀ ní àárín ìlú, èmi ò sọ̀kalẹ̀. Mo ti fa owó ẹyọ kan yọ nínú àpò mi, mo ń gbìyànjú. Kọ̀ǹdọ́ wá bi mí bóyá mo fẹ́ padà síbi tí mo ti wá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo padà sí Matteson, mo tún bá ọkọ̀ náà wọ ìgboro, mo tún padà. Owó náà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Mo kà á. Kíláàsì ti parí tipẹ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé, ní Park Forest. Òun ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀ ló sì máa ń wọlé. Iṣẹ́ kan wà tó yàn fún mi nínú ilé náà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: tíì atalẹ̀. Bó bá ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni omi á ti máa hó. Èmi á kí i, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un, òun náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí bí ìyá wa ṣe kọ́ wa ní Ìwó nìyẹn, yìnyín Chicago ò sì tíì yí i padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó mu tíì tán, mo pa idán bàbá òyìnbó yẹn fún un. Mo ṣe bí ẹni fi owó sí ọwọ́ òsì, mo di í, mo nà án sí i.

"Ọ̀tún," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè dáadáa. "Ó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ ọ̀tún."

Òótọ́ ni. Gbogbo àṣírí idán náà nìyẹn: owó kò dé ọwọ́ òsì rárá, ọ̀tún ló kù sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Gbogbo òru ni mò ń ṣọ́ àwọn aláìsàn tó ń ṣe bí ẹni gbé oògùn mì, tí wọ́n á sì fi í pamọ́ sáàárín ìka. Kì í ṣe irú ìwọ ló máa tàn mí. Máa gbé ìwé egungun rẹ."

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé àkọ́kọ́. Lápá kan mo kọ "ẹ̀gbọ́n mi", mo sì kọ ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Lápá kejì mo kọ "èmi". Mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ìyẹn.

Kí sáà kejì tó parí, mo ti fi kíláàsì sílẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ kó dùn létí. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣan ọwọ́, èmi á ti máa wo ọwọ́ ara mi lábẹ́ tábìlì, màá máa wá iṣan tó ń jẹ́ kí owó ẹyọ dúró nínú àtẹ́lẹwọ́ láìṣe pé ìka tẹ̀. Mo yá ìwé mọ́kànlá nípa idán ní láíbúrárì, mo kà wọ́n tán, mo tún yá wọn. Mo ń ṣe é níwájú dígí, nínú bálùwẹ̀, nídìí ọbẹ̀. Ọjọ́ kan ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, Ààfáà ń wàásù lọ́wọ́, owó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ onípákó títí ó fi lọ dúró níwájú ẹsẹ̀ wọn. Ààfáà dákẹ́. Wọ́n wò ó.

"Ta ló ju ìyẹn?" ni wọ́n wí. "Kó má tijú. Kó ju ìyókù náà."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sáàárín àwọn obìnrin fi etí hìjáábù rẹ̀ bo ẹnu.

Nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà lọ sílé ló bi mí.

"O ti fi kíláàsì sílẹ̀, àbí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò bínú. Mò ń béèrè ni. Kí ni kí n máa sọ fún Màmá? Pé ọmọ wọn gun ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà, ó wá ń fi kọ́bọ̀ ṣeré?"

"Kì í ṣe eré. Iṣẹ́ ni."

Ó wakọ̀ títí a fi kọjá iná mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé káàkiri bí òkúta nínú bàtà fún ọdún mẹ́rin.

"Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá tan ojú mi, ẹ̀ẹ̀kan péré, màá gbà pé iṣẹ́ ni. Èmi fúnra mi ni màá pe Màmá, màá sọ fún wọn. Títí dìgbà náà, eré lò ń ṣe, mi ò sì ní í gbè ọ́ lẹ́yìn."

Ṣùgbọ́n ó ń gbè mí lẹ́yìn náà, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá máa ń pè láti Ìwó. "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ń kàwé?" Ẹ̀gbọ́n mi á wò mí láti òdìkejì yàrá, á ní, "Ó ń kàwé, Màmá." Ẹni tí kì í parọ́ ni. Mo ń kàwé lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ irú ìwé tó jẹ́. Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, yóò lọ dojú kọ fèrèsé.

Mo gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà nínú mọ́ọ̀lù kan ní Schaumburg. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń pa idán láti tábìlì dé tábìlì ní ilé oúnjẹ kan nítòsí ibẹ̀. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Inú mi ń dùn, ara mi ò sì balẹ̀, nítorí mo rí i pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín sí wọn nídìí oúnjẹ. Kò sí ẹni tó ń wo ọwọ́ mi níbẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó nílé.

Ìgbà tí mo wá pa idán níwájú àwọn èèyàn wa ni ojú mi là. Àsàlátù ti parí, oúnjẹ ti wọlé, àwọn àgbà ní kí onídán bọ́ síta. Bàbá àgbà kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún jókòó síwájú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe ní Schaumburg: mo ṣe bí ẹni fi owó sí ọwọ́ òsì, mo di í, mo na ìkúùkù òsì náà sí wọn.

Bàbá ò fẹ́ atẹ́gùn sí nǹkan kan. Wọ́n fa ọrùn sẹ́yìn.

"Ọwọ́ wo lo nà sí mi yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọwọ́ òsì? Sí mi? Fi ọwọ́ ọ̀tún bá àgbà lò, jàre!"

Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo là á, owó sì já bọ́ sórí ẹní níwájú gbogbo èèyàn.

"Háà! Idán ti já!"

"Ẹ gbé owó yín o, onídán, kó má lọ bá Ààfáà lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ orí mi ti ń sáré. Bí a ṣe wọ mọ́tò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Gbogbo ìwé mọ́kànlá tí mo kà, àwọn tí ọwọ́ méjèèjì dọ́gba lójú wọn ló kọ wọ́n. Òsì ni wọ́n fi ń fani lójú mọ́ra, ọ̀tún ni wọ́n fi ń pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá na òsì, o ti ṣẹ àgbà, ọ̀tún tí o fi nǹkan pamọ́ sí gan-an ni wọ́n á ní kí o nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí i padà ńkọ́? Ta ni nínú wa tó máa sọ pé kí n fi ọwọ́ òsì fún òun ní nǹkan? Kò sí. Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè.

Odidi ọdún kan ni mo fi yí idán méjìlélógójì padà láti ọ̀tún sí òsì. Ọwọ́ òsì mi wú, ó sì tún rọ̀. Mo kọ wọ́n sínú ìwé ní èdè Yorùbá, ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, mo fi fóònù ya gbogbo àwòrán ọwọ́ inú rẹ̀ fúnra mi lórí pákó ìlọṣọ lẹ́bàá fèrèsé. Níbi tí kò bá sí orúkọ fún nǹkan, mo fún un lórúkọ. Bí ọwọ́ bá ṣe bí ẹni ń fúnni ní nǹkan tí kò sì fúnni, mo pè é ní ìfúnni òfo.

Orí pákó ìlọṣọ yẹn kan náà ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ló ń hàn níbẹ̀, ohùn mi sì ń ṣàlàyé. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n wo fídíò àkọ́kọ́, èmi ni mo sì wò ó ní mọ́kànlá nínú rẹ̀. Fídíò keje ló gbéra. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Bàbá àsàlátù, tí mo sì pa idán náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà ti òyìnbó àti lọ́nà tiwa. Mo jí, wọ́n ti wò ó ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan. Mo dé ibi iṣẹ́, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mò ń fi bàtà sí ẹsẹ̀ oníbàárà, mò ń yọjú wo fóònù. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá ọ̀kẹ́ méjì. Àwọn kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oògùn ni. Ẹnì kan láti Ìbàdàn bi mí bóyá mo ti fọ ọwọ́ òsì náà kí n tó máa fi í han gbogbo ayé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé mi, mo sì fi ṣọ́ọ̀bù bàtà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

"Òsì," ló ń wí ní àràárọ̀, kó tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Òsì. Òsì náà ni. Lónìí o fi í sí ẹ̀yìn fìlà."

Ó ń kọ mí lóminú. Gbogbo ìjọ ni mo ti tàn. Mo ti tan Bàbá àgbà yẹn gan-an, wọ́n sì fi ẹ̀rín ṣàdúrà fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ara mi ò gbà á mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí Yorùbá kan tó ń wo ọwọ́ òsì. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń wò ó?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ń wá fìlà tó dé sórí. Ó fa bírò yọ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó sì kọ déètì ọjọ́ yẹn sórí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

"Òsì ni mò ń lò," ló wí. "O ò mọ̀?"

Mi ò mọ̀. A jọ gbé ilé kan náà fún ọdún márùn-ún, mo kọ ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lórí ọwọ́ òsì, mi ò rí ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá fi gèlè so ó mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ nídìí oúnjẹ títí mo fi mọ ọ̀tún ún lò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ, kó má lọ jáde níbi tí kò yẹ. Ní ọsibítù, òsì ni mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, kò sí ẹni tó ń bi mí. Tí mo bá délé, mo tún fi í pamọ́." Ó da bírò padà sápò. "O fẹ́ fi ọwọ́ òsì pamọ́ fún ẹni tó ti ń fi tirẹ̀ pamọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin."

Mo gba ìwé àkọsílẹ̀ mi padà. Mo kọ ọ̀kan kún iye rẹ̀.

Ọ̀tún ò ṣeé ṣe, òsì ò ṣeé ṣe. Mo rìn yíká Park Forest nínú òtútù pẹ̀lú owó nínú ìbọ̀wọ́. Mo dán apá aṣọ wò, ó mú un. Mo dán ìgbànú wò, ó mú un. Iye rẹ̀ ti tó igba ó lé mẹ́tàdínlógún kí n tó wá rí ohun tí mò ń ṣe ní àràárọ̀ láìronú: mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní ife, òun náà ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ní àkókò yẹn, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Kì í sì í wo ọwọ́ mi nígbà náà. Ojú mi ló ń wò, nítorí ó ń dá ìkíni mi lóhùn.

Mo wọn ìdí ife mẹ́sàn-án kí n tó rí èyí tí abẹ́ ìdí rẹ̀ ní kòtò tó láti gba owó àádọ́ta sẹ́ǹtì láìyọ síta. Mo kọ́kọ́ fi ìda lẹ owó mọ́ ọn, tíì gbóná yọ́ ìda, owó já bọ́. Mo wá lo gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí àwọn tíṣà fi ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Ìyẹn dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ife náà fún un láìsí owó kankan nídìí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ ọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà. Mo fún un ní owó náà pé kó sàmì sí i. Ó ya ìràwọ̀ kékeré sí i, ó dá a padà fún mi. Omi ń hó. Mo yíjú sídìí omi bí mo ṣe máa ń ṣe, mo da tíì, mo gbé e wá.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun. Òtútù yìí fẹ́ pa èèyàn." Ó gbà á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ó yá, pa idán rẹ kí n lọ sùn."

Mo di ọwọ́ òsì, mo di ọ̀tún.

"Òsì."

Mo là á. Òfo.

"Ọ̀tún nìyẹn."

Òfo.

"Ṣí fìlà." Mo ṣí i. "Apá aṣọ. Yípadà. Gbé ẹsẹ̀ sókè." Ó mu tíì, ó tẹjú mọ́ mi. Ó tún mu ún. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin.

"Ibo ló wà?"

"Ẹ mu tíì yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mu ún tán. Ó dorí ife kodò láti fi hàn mí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ìràwọ̀ rẹ̀ lára owó tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdí ife. Ó gbé ife kalẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó wá na ọwọ́ sí fóònù.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ jókòó ná. Àbúrò mi ò ṣe kíláàsì nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ti pẹ́. Èmi ni mi ò sọ fún yín, ẹ má bínú sí mi. Ó ti níṣẹ́. Idán ló ń pa, ó kọ ìwé lórí rẹ̀, àwọn èèyàn ń wò ó kárí ayé."

Ó tẹ fóònù kí èmi náà lè gbọ́ ohùn Màmá.

"Idán?" ni Màmá wí. "Ṣé èyí tí wọ́n ń yọ ẹyẹlé?"

"Rárá, Màmá. Tíì ló fi pa tèmi."

"Ṣé tíì náà gbóná?"

"Ó gbóná."

"Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ọwọ́ méjèèjì ni, Màmá."

"Kò burú, jẹ́ kó máa ṣe é."

Mi ò ya idán tíì yẹn sí fídíò. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí pákó ìlọṣọ, ó sì fi ọwọ́ òsì ya ìràwọ̀ sára owó níwájú kámẹ́rà, láìfi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í bóyá kí n gé ibẹ̀ kúrò. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ti wo ìyẹn ní ìgbà ọ̀kẹ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀, mo sì mọ iye náà bí mo ṣe mọ ọjọ́ ìbí mi, àmọ́ kì í ṣe òun ni mò ń yọjú wò ní àràárọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé tíì fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé ife sókè kọjá orí rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó yọ owó níbẹ̀, ó jù ú sí mi. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, igba ó lé méjìdínlógún. Èmi, ọ̀kan.